Ìbọ̀wọ́ Funfun Ọlọ́lá Cornelius Hartery

Kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́ kọ́kọ́ bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó ka ìtàn yìí, kó má baà rò pé òun ni mo ń bá wí. N kò bá ẹnìkan wí. Ìtàn Cornelius Hartery ni mo fẹ́ sọ, òun náà kò sì ní bínú, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kí a máa dárúkọ rẹ̀.

Cappa Cove tí a ń gbé kò tóbi. Ilé mọ́kàndínlógójì ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan, òkúta tí kò lóǹkà, àti ẹja. Bí àwa ará Newfoundland bá ti pe ẹja, kọ́ọ̀dù là ń wí. Àwọn yòókù ní orúkọ tiwọn. Inú ìlú kékeré yìí ni ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ ń gbé. Hartery ni aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì pàṣẹ pé kí a máa pe òun ní Ọlọ́lá Jùlọ, kódà nígbà tó bá ń fi igi wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń fọ aṣọ rẹ̀, nítorí náà ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ibùsùn.

Ó sọ fún gbogbo ayé pé inú ilé olódi ni wọ́n bí òun sí ní ilẹ̀ Ireland. Lọ́dún tó kọ́kọ́ wọlé ìbò, yàrá méjìlá ni ilé olódi náà ní. Lọ́dún kẹta, ó ti di ogójì. Nígbà tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án lórí àga, yàrá náà ti pé mẹ́tàdínláàádọ́fà, àwọn ẹṣin ibẹ̀ sì ti ní àlùfáà tiwọn. Ó ní láti ayé Patiriki Mímọ́, kò sí ẹnìkan nínú ìran Hartery tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó tutù. Ìdí nìyẹn tí ìbọ̀wọ́ funfun kì í fi í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí Máàsì, ó ń wọ̀ ọ́ jẹun, ẹ̀gbọ́n mi sì ní òun ti bá a nínú aṣọ tó fi ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀, nítorí gbogbo Cappa ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Hartery, tí a ń pè ní Con, nígbà tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti Waterford wá, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ́rùn àti òmíràn tí kò sí. Àǹtí Bride Careen, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń sá ẹja, ló fún un ní ọbẹ̀ gbígbóná, tó sì mú un lọ sórí àtẹ. Orí àtẹ onígi yẹn, tí a fi òpó gbé sókè kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹja kọjá, ló ti lo ọdún mọ́kànlá. Ọ̀bẹ ya àtàǹpàkò òsì rẹ̀, iyọ̀ sì jẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yí ká. Àwọn àpá yẹn ni ìbọ̀wọ́ ń bò.

Ẹnu ló gbé e dé ibi tó dé. Ó lè bá òkúta jiyàn kí òkúta gbà. Ó fẹ́ opó oníṣòwò kan, ó jáde fún ìbò, ìta gbangba la sì ti ń fẹnu dìbò nígbà náà. Gbogbo wa la pariwo orúkọ rẹ̀. A rò pé ẹni tí iyọ̀ ti jẹ lọ́wọ́ kò ní gbàgbé wa. Ọ̀sẹ̀ kejì ló ra ìbọ̀wọ́.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí ẹnìkan kò tú àṣírí rẹ̀. Ní Cappa, a kì í rán ènìyàn létí bàtà tó wọ̀ dé, nítorí irú bàtà kan náà ni gbogbo wa wọ̀ dé.

Ẹnìkan ṣoṣo ló gba ilé olódi yẹn gbọ́, tàbí kó jẹ́ pé èrè wà fún un nínú gbígbà á gbọ́. Tíṣà Philip Nash ni. Ó ń wá ipò alábòójútó ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà àràárọ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà Hartery pẹ̀lú ìwé àti kálàmù.

"Ẹ káàárọ̀, Ọlọ́lá Jùlọ. Ṣé ẹ gbádùn oorun?"

"Oorun ló gbádùn mi, Nash."

Nash á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé mẹ́fà ló ti kún báyẹn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, Hartery pe wá jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì láti bá wa sọ̀rọ̀ lórí Ipò Cappa Láàárín Àwọn Ìlú Ọ̀làjú. Ó ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, kò tíì dé Cappa, nígbà tí ẹnìkan ké lẹ́yìn pé, "Òjò!" Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé etíkun wa rí, ẹ mọ̀ pé igbe yẹn kò ní ọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí òjò bá bá ẹja níbi tí inú rẹ̀ tí a là ti kọjú sí ọ̀run, yóò yọ̀, yóò rà, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko sì lọ. Àárín Máàsì pàápàá, tí a bá ti ké e, Fadá Downey á kó aṣọ ìsìn rẹ̀ sókè, á sì ṣíwájú wa sáré. Ó ní Ọlọ́run kò lọ síbì kankan, ẹja ló lè lọ. Nítorí náà gbogbo wa fọ́n ká. Ẹni tó kù nídìí Hartery ni ewúrẹ́ Àǹtí Bride, ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì ń jẹ.

Ó dùn ún wọra. Ó wọkọ̀ lọ sí ìgboro tí ilé aṣòfin wà, ó sì padà dé pẹ̀lú òfin tuntun tí òun àti Nash jọ kọ, èyí tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí kíákíá nítorí oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀. Òfin Ìtẹ́tísílẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó ní nígbà tí Aṣojú bá ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó dúró sí. Ẹni tó bá kúrò á sun àtìmọ́lé. Kò ní dìbò, a kò sì ní dìbò fún un, fún ọdún méje. Ilé rẹ̀ kò sì ní rí ìyẹ̀fun ìjọba gbà nígbà òtútù. Nash wá fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ nítorí pé ó dùn létí: "Kò sí ẹ̀dá alààyè kan tí òfin yìí yọ sílẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé pé Gómìnà ń bọ̀ ní Cappa. Gómìnà ń wá ọlọ́lá kan tí yóò fi sínú ìgbìmọ̀ tirẹ̀ gan-an, àwọn tí a kì í dìbò fún, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè yọ. Hartery kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Igi pákó tí ìjọba kó wá láti fi tún èbúté wa ṣe, tí a ti ń retí láti ọdún mẹ́rin, ló ní kí a fi kan pèpéle gíga kan tí òun yóò dúró lé sọ̀rọ̀. Ó gùn, ó fẹ̀, ó ní àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ ẹja gan-an ló ní kí a kàn án sí, nítorí oòrùn ibẹ̀ máa ń tàn sí ojú òun dáadáa.

Ọjọ́ tó ṣáájú, ó kó gbogbo ìlú jọ láti fi dánra wò.

"Bí mo bá dé 'ilé olódi baba mi'," ó ní, "gbogbo yín á mí kanlẹ̀. Bí mo bá dé 'Patiriki Mímọ́', ẹ̀yin obìnrin á nu ojú. Ó yá."

A mí kanlẹ̀. Ó ní kò tó. A tún mí. Mick Coady, tí kò tíì sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, mí títí ó fi wúkọ́.

Àǹtí Bride jáde síwájú. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tẹ̀.

"Con," ó ní.

"Ọlọ́lá Jùlọ," Nash tún un ṣe.

"Con, ọ̀la ni ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹja máa gbẹ. Ọ̀tunla lọkọ̀ ń bọ̀ wá kó o. Tá a bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ lọ́wọ́ tójò dé ńkọ́?"

"Kò ní rọ̀. Mi ò fọwọ́ sí i."

"Ìwọ náà mọ nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ tómi bá kàn án báyìí. O mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ."

Hartery fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sókè. "Màmá, mi ò mọ nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń sọ. Inú àwo nìkan lèmi ti ń rí ẹja."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹja tó wà lórí àtẹ yẹn ni ìyẹ̀fun wa, òun ni tíì wa, òun ni ẹ̀mí wa láti Kérésì títí yìnyín á fi yọ́. Nígbà òtútù kan tí ẹja bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, Àǹtí Bride sin ọmọ-ọmọ méjì. Ó wo ìbọ̀wọ́ náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì padà sáyè rẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi báyìí tí mo ń sọ ọ́.

Hartery kọjú sí Garrett Molloy, ọlọ́pàá kan ṣoṣo tí a ní. Garrett kì í ṣe òmùgọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó di ilẹ̀kùn mú, ẹ gbọ́dọ̀ rántí padà wá sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀.

"Garrett! Lọ́la, bó jẹ́ ìyá mi gan-an ló kúrò lójú kan, mú un!"

"Ìyá yín ò sí ní Cappa, sà."

"Àpẹẹrẹ ni!"

"Màá mú àpẹẹrẹ náà, sà."

Oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé Hartery ló fọwọ́ sí i lóòótọ́. Gómìnà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ funfun gíga lórí fìlà rẹ̀ àti sójà méjì lẹ́yìn. A fún un ní àga, ó jókòó. Hartery gun àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án, ó dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a lè wò ó.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ó bẹ̀rẹ̀. "Kí ni oòrùn? Ìránṣẹ́ ni! Kí ni òkun? Ẹni tó ń fọ ẹsẹ̀ Newfoundland ni! Ta sì ni èmi?"

Ó wò wá yí ká kí ìbéèrè náà lè wọ̀ wá lára. Nash nìkan ló nu ojú, kò sì tíì tó àsìkò.

Yàrá mẹ́tàdínláàádọ́fà ni Hartery bẹ̀rẹ̀ sí í tò fún Gómìnà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dé yàrá kẹtàdínlógún nígbà tí afẹ́fẹ́ yí. Kò ju pé ó yí lọ, ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló gbé imú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà dúdú tín-ínrín kan ti yọ lójú òkun. Ní yàrá ọgbọ̀n, ó ti fẹ̀. Ẹja wa tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wa, gbogbo rẹ̀ ló là sílẹ̀ sójú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ kò ju ìgbésẹ̀ ogún lọ sí wa.

"Fadá," Àǹtí Bride sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ ké e."

"Bí mo bá ké e, gbogbo yín á sáré," Fadá Downey dáhùn, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. "Ta ló máa fún yín ní ìyẹ̀fun tí ìjọba bá gbà á lọ́wọ́ yín?"

"Bẹ́ja bá rà, ìyẹ̀fun ìjọba ò lè bọ́ wa dé Kérésì."

"Mo mọ̀, Bride. Mo mọ̀."

Àǹtí Bride tú okùn ìborùn rẹ̀. "Garrett," ó ní, "mò ń lọ. Tó o bá fẹ́ mú mi, wá mú mi lórí àtẹ."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," Garrett ń bẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ má jẹ́ n mú yín."

Arúgbó náà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè.

Lórí pèpéle, Hartery ti fò yàrá tó kù láti dé ibi tó dùn mọ́ ọn jù. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọwọ́ yìí!" ó ké. "Ọwọ́ ìran Hartery! Láti ayé Patiriki Mímọ́, ọwọ́ yìí kò tíì kan..."

Ẹ̀kán omi kan já sórí ìwé rẹ̀. Ó wò ó. Tàdáwà tó fi kọ Patiriki Mímọ́ ń ṣàn lọ. Ìkejì já sí i nímú.

"ÒJÒ!"

Kì í ṣe ohùn ilé olódi ló fi ké e. Ohùn ọmọ Waterford tó ní ṣẹ́ẹ̀tì kan ni. Kó tó di pé a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti fo igi ààbò, fìlà rẹ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó ń fi eyín fa ìbọ̀wọ́ yọ, ó tu wọ́n dà nù, ó sì ti dé orí àtẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ohunkóhun. Ó ń kó ẹja méjì-méjì, ó ń yí wọn padà, ó ń tò wọ́n lórí ara wọn, kò sì dẹ́kun ariwo.

"Ẹ̀yìn sókè! Ẹ̀yìn sókè, ẹ̀yin ọ̀lẹ! Kí lẹ dúró ń wò? Nash, gbé èèpo igi wá, ìwọ ọ̀dọ̀yọ̀! Kì í ṣe ìyẹn! Èyí tó fẹ̀!"

A sáré. Gbogbo ìlú ló sáré, Fadá ló ṣíwájú, àwọn sójà Gómìnà náà fi ìbọn sílẹ̀, wọ́n ń gba èèpo igi tí a fi ń bo òkìtì ẹja lọ́wọ́ wa. Kí òjò gidi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kò sí ẹja kan tí kò ti wà nínú òkìtì, tí a ti bo orí rẹ̀. Hartery dúró láàárín àtẹ, omi ń dà lára rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. A kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ìgbà náà ló wá rántí Gómìnà.

Gómìnà ti dìde lórí àga, ìyẹ́ fìlà rẹ̀ ti rọ̀ wálẹ̀ bo ojú kan. "Ta ló kọ́ ọkùnrin yìí níṣẹ́?" ó bèèrè.

"Olúwa mi," Nash bẹ̀rẹ̀, èèpo igi ṣì wà lórí rẹ̀, "àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Ireland a máa fi ẹja ṣeré ìdárayá nínú yàrá kejìlélógójì..."

"Èmi ni mo kọ́ ọ, sà," Àǹtí Bride ní.

Ó ń fi ìborùn nu ọwọ́ bọ̀, orí rẹ̀ sì ń wú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, kì í ṣe pé ó fẹ́ dójú tì í. Ogún ọdún ó lé ló ti ń wá ẹni tí òun máa sọ ọ́ fún. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó dé, kò mọ orí ẹja yàtọ̀ sí ìrù ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà lábẹ́ mi. Ẹ lọ yí gbogbo etíkun yìí ká, sà, ẹ ò ní rí ọwọ́ tó dà bíi tiẹ̀. Con, na ọwọ́ ẹ kí Gómìnà rí i. Ẹ wò ó, àpá àtàǹpàkò yẹn, aṣọ mi ni mo ya tí mo fi dì í."

Nínú gbogbo ìyìn tí wọ́n ti yin Hartery láyé, èyí nìkan ló jẹ́ òótọ́, òun náà ló sì pa á.

"Ilé olódi náà ńkọ́?" Gómìnà bi í.

Hartery la ẹnu, ẹnu tó ń bá òkúta jiyàn. Òjò ló wọ inú rẹ̀.

Gómìnà mi orí. "Ó mà ṣe o. Ọlọ́lá tí kò mọ iṣẹ́ kankan ni mo wá mú lọ sínú ìgbìmọ̀ mi. Ẹni kan ṣoṣo tí mo tíì rí tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí lẹ wá fi hàn mí. Kò wúlò fún wa rárá."

Ibẹ̀ ni Garrett Molloy ti gbé ọwọ́ lé Hartery léjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ó di àtìmọ́lé."

"Ṣé orí ẹ pé? Gbogbo ìlú ló sáré!"

"Òfin ní nígbà tí Aṣojú bá ń sọ̀rọ̀, sà. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ fò, ẹ ò tiẹ̀ tíì parí gbólóhùn yẹn. Nígbà táwa sáré, kò sọ́rọ̀ mọ́."

"Àǹtí Bride gbé ẹsẹ̀!"

"Ó gbé e, sà. Kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Hartery yíjú sí Nash. "Sọ fún un! Sọ fún un pé òfin náà ò kàn mí!"

Nash wo Gómìnà, ó wo Hartery, ó rántí ipò alábòójútó ilé ẹ̀kọ́. "Kò sí ẹ̀dá alààyè kan," ó kà á jáde pẹ̀lú ohùn dídùn, "tí òfin yìí yọ sílẹ̀."

Gómìnà rẹ́rìn-ín títí ìyẹ́ fìlà rẹ̀ fi já bọ́. Báyìí ni aṣojú wa ṣe sun àtìmọ́lé, tí ìfòfindè ọdún méje kúrò nínú ìbò sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn láti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mick Coady la dìbò fún dípò rẹ̀. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílé aṣòfin nítorí Òfin Ìtẹ́tísílẹ̀, ó ní, "Ẹ pa á rẹ́," ó sì jókòó. Pèpéle alátẹ̀gùn mẹ́sàn-án ni a tẹ́ ẹ̀ka igi lé, a sọ ọ́ di àtẹ ẹja, kò sì sí àtẹ tó ń gba oòrùn tó o ní gbogbo Cappa.

Ọkọ̀ dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò náà. Ẹni tó ń ṣa ẹja tú òkìtì kọ̀ọ̀kan wò, kò sì rí èyí tí kò dára. Àǹtí Bride jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ bojú, ó sunkún díẹ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè, Hartery ló dúró níwájú rẹ̀, tí Garrett ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀, tí kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ lásán sí.

"Con," ó ní, "ẹja méjì lo tò tínú wọn kọjú sókè lánàá. Èmi ni mo yí wọn padà."

"Òjò ń pa mí lójú, Àǹtí."

"Òjò ń pa gbogbo wa lójú."

Hartery wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ewúrẹ́ ti jẹ ọ̀kan. Ìkejì wà nílé, òun ni mo fi ń sọ ìkòkò tíì kalẹ̀. Láti ìgbà tó o ti rà á, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́." Ó ju aṣọ iṣẹ́ kan sí i. "Ìpín ẹja tó kẹ́yìn ṣì wà nínú iyọ̀. Wá bá wa kó o jáde."

Ó dè é mọ́dìí, ó sì bá wa kó o. Ẹ má rò pé ó yí padà o. Mo ka ẹja tó kó lọ́jọ́ òjò yẹn, kò ju irinwó lọ. Nígbà Kérésì ó ti di ẹgbẹ̀rún kan, nígbà tí yìnyín yọ́ ó ti di ẹgbàárùn-ún, ó sì ní ẹfúùfù ń ti òun láti apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní kí Àǹtí Bride pa á lẹ́nu mọ́.

"Fi í sílẹ̀," ó dáhùn, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí àtẹ. "Ṣé o ò rí i ni? Ọwọ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ bó ṣe ń sọ ọ́."